Ohun tí a rí ní pápá Ìkẹ́nnẹ́, àti ọ̀rọ̀ pápá tiwa

Ọ̀rọ̀ tí Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. Àwọn tí kò lè wá ló ní kí a gbé e síbí kí àwọn náà lè kà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù níbi iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá yín rí yín.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni alága fún mi. Wọ́n ní kí n wá jábọ̀ ìrìnàjò tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ rìn lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, torí pé owó ẹgbẹ́ wà níbẹ̀: ẹgbẹ́ ló san ìdajì owó bọ́ọ̀sì, àwa fúnra wa dá ìdajì yòókù. Gbogbo wa sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pápá wa tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tí a fẹ́ dìbò lé lórí lónìí. Mi ò ní fi ọ̀kan pamọ́ sẹ́yìn èkejì. Mo gbà láti jábọ̀ nítorí pé mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ pápá yẹn kí ẹ tó dìbò. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí mi, kó kọ́kọ́ gbọ́ mi tán, ẹ jọ̀ọ́.

Ìjábọ̀ ló kàn. Àwa 17 la lọ, ọmọkùnrin 11, ọmọbìnrin 6. Shooting Stars ti Ìbàdàn, 3SC tiwa, ló fẹ́ lọ bá Remo Stars gbá bọ́ọ̀lù nílé wọn. Púpọ̀ nínú wa ti wo 3SC ní Àdámásìngbà láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n láti tẹ̀lé wọn lọ sílé onílé, kò sí ẹni tó ṣe é rí nínú wa. Ẹ̀yin àgbà ní tiyín, mo mọ̀ pé ẹ ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa. Ẹ̀yin lẹ wà láyé nígbà tí wọ́n ń pè é ní IICC, tí wọ́n gba ife Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1976, tó jẹ́ pé kò sí kíláàbù Nàìjíríà kankan tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà rí ṣáájú wọn. Tí ẹ bá dárúkọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí tàbí Múdà Láwàl létí bàbá mi nígbà tí wọ́n ń jẹun, oúnjẹ á tutù lórí tábìlì. Wọn ò gbà pé ẹnikẹ́ni tún mọ bọ́ọ̀lù gbá lẹ́yìn àwọn yẹn. Mi ò bá wọn jiyàn mọ́.

Màmá mi ò fẹ́ kí n lọ. Wọ́n ní kí lobìnrin ń wá ní pápá bọ́ọ̀lù, wọ́n tún ní tí wọ́n bá lù yín ńkọ́? Ti àkọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín sí i. Ti ìkejì, mi ò rí ẹ̀rín rín, torí òótọ́ ni. Ẹni tó bá tẹ̀lé kíláàbù rẹ̀ lọ ìlú onílùú lórílẹ̀-èdè yìí, ẹ̀rù ń bà á kó tó gbéra. A ti gbọ́ ìtàn bọ́ọ̀sì tí wọ́n fọ́ gíláàsì rẹ̀, àti ti rẹfirí tí wọ́n lé wọ yàrá. A ti gbọ́ ti kíláàbù tí wọ́n ní kó máa gbá bọ́ọ̀lù láìsí òǹwòran, nítorí pé àwọn onílé ṣe àlejò níkà. Àwọn ọmọkùnrin méjì nínú wa wọ ẹ̀wù míì bo jẹ́sì 3SC tó wà lọ́rùn wọn. Ẹ má béèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn yìí.

A gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó. Ní Ògèrè, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, tírélà tò lọ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a jókòó sójú kan fún ìgbà pípẹ́. Dírẹ́bà wa lo àǹfààní yẹn láti ṣàlàyé fún wa bí 3SC ṣe pàdánù lọ́wọ́ Zamalek lọ́dún 1984, bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀, bí ẹni pé àwa la pàdánù fún un. Nígbà tí ọ̀nà là, a yà gba Ìpẹru, a sì dé Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tó ku bíi wákàtí kan àtààbọ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ìkẹ́nnẹ́ kì í ṣe ìlú ńlá. Olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí mọ́tò yín bá ń sáré, ẹ lè ti jáde nínú rẹ̀ kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń sọ lórí fóònù. Kí bọ́ọ̀lù tó dé, nǹkan méjì ni àwa ará ìta mọ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Bàbá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí lọ́dún 1909, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin wọ́n sí. Ibẹ̀ sì ni Táí Ṣólàárín àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ sí lọ́dún 1956. Ní báyìí, nǹkan kẹta ti wà. Remo Stars ṣe ipò kejì nínú líìgì Nàìjíríà ní sáà 2022/23. Wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2023/24. Nígbà tó di 2024/25, wọ́n gba líìgì náà fún ìgbà àkọ́kọ́, Daniel Ogunmodede ni kóòṣì wọn. Àwọn ọmọ kékeré tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìnnì ilé mọ Ìkẹ́nnẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù, wọ́n tún wá ń bi mí pé ta ni Awólọ́wọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe pápá náà bí mo ṣe rí i, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀. Ó kéré. Ẹni tó bá ń retí irú èyí tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣàn láti England, á ní ṣé ibí náà nìyí? Ṣùgbọ́n kíkéré rẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi. Níbi tí a jókòó sí, à ń gbọ́ ohùn bàtà lára bọ́ọ̀lù. À ń gbọ́ kóòṣì tó ń pariwo mọ́ ẹni ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kó sún sókè. Nígbà kan tí àgbábọ́ọ̀lù 3SC kan ṣubú nítòsí ibi tí a wà, mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. Àwọn kan wà lára wa tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù láti kékeré, tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn àgbábọ́ọ̀lù máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí pápá.

Ní ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ géètì wò wá, ó ní, "Ìbàdàn lẹ ti wá, àbí?" Gbogbo wa dákẹ́. Àwọn méjì tó bo jẹ́sì wọn ti ń wo ilẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún ni tiyín. Tí ẹnikẹ́ni bá yọ yín lẹ́nu, èmi ni kẹ́ ẹ wá pè." Ó wá bá wa rìn débẹ̀. Kò pé wa lówó, kò béèrè nǹkan. Mo rò ó títí pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹnì kan wà ní pápá yẹn tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ibi tí àlejò máa jókòó sí. Wọ́n ti ro ti àlejò kí àlejò tó dé.

Òmíràn tún wà. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, mo fẹ́ yàgò díẹ̀. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń din òjòjò lẹ́bàá ọ̀nà àbáwọlé, ó nawọ́ síbì kan fún mi. Mo lọ, mo rí ilẹ̀kùn tó ṣe é tì, mo rí omi nínú kẹ́ẹ̀gì, mo ṣe é tán, mo padà wá ra òjòjò lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ̀yin ọkùnrin lè máa rò pé kí leléyìí fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe níwájú àgbà. Ẹ ní sùúrù fún mi.

Ohun tó mú omi bọ́ lójú mi ní Ìkẹ́nnẹ́ kì í ṣe gọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ áńbúláǹsì kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ó dúró jẹ́ẹ́, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí pápá, àwọn oníṣẹ́ ìlera méjì jókòó síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó farapa tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn ò dìde nílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń wo ilẹ̀kùn yẹn, mo sì ń rántí ọmọ tí a ṣe léṣe níbí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lọ́jọ́ ìlú tó kọjá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, fọ́tò ife nìkan lẹ rí lórí group, torí pé èmi ni mo yan fọ́tò tí a fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò fi ránṣẹ́. Nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, ìlú kejì wá bá wa gbá àṣekágbá. Wọ́n kó bọ́ọ̀sì méjì wá, pẹ̀lú obìnrin àtọmọdé. Òkìtì búlọ́ọ̀kù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ́wọ́ títì, ẹnì kan ló já a síbẹ̀ fún iṣẹ́ ilé rẹ̀. Kò ju mítà méjì lọ sí ìlà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí i. Mo dúró síwájú rẹ̀. Mo ní kò sí wàhálà, wọn ò ní débẹ̀.

Ní ìdajì kejì, bọ́ọ̀lù ń jáde, aṣọ́lé wọn sá tẹ̀lé e, ó fò, orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ balẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù. Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín. A ò ní báńdéèjì. A ò ní ẹnì kan tó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Tówẹ́ẹ̀lì la fi dì í, ọ̀kadà la fi gbé e, èmi ni mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí mo dì í mú kó má baà ṣubú. Iṣẹ́ mẹ́káníìkì ló ń kọ́. Oṣù méjì gbáko ni kò fi lè kúnlẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Nígbà tí a lọ kí wọn nílé, màmá rẹ̀ ò bú wa. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin gan-an kì í gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ni?"

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àwọn obìnrin tó bá wọn wá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń tọrọ ibi tí wọ́n ti lè tọ̀. Àwọn ará àdúgbò kan ṣílẹ̀kùn fún wọn, Ọlọ́run á bù sí i fún wọn. Àwọn kan sì ní kò sí omi. A gba ife. A jó. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe sọ pé ìrìn àjò Ìkẹ́nnẹ́ yìí kì í ṣe fàájì lásán. Ìgbà tí mo di àlejò ni mo tó mọ ojú tí àlejò fi ń wò wá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní Ìkẹ́nnẹ́ lówó, ẹnì kan ló wà lẹ́yìn wọn. Òótọ́ ni. Kunle Soname ló ni Remo Stars, ọkùnrin tó ra ìpín tó pọ̀ jù nínú kíláàbù Feirense ní ilẹ̀ Pọtogí lọ́dún 2015. Ọ̀pọ̀ kíláàbù tó wà ní líìgì wa, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bọ́ wọn, 3SC wà lára wọn. Tiwọn yàtọ̀. Àwa ò ní Soname. Ẹni tó lówó jù nínú wa wà níwájú mi níbí, wọ́n ń mi orí pé kí n má wo ọ̀dọ̀ àwọn. Mi ò wá tọrọ pápá ìṣeré ńlá. Ẹ wo ohun tí mo kà fún yín: ẹni tó ń kí àlejò ní géètì, ilẹ̀kùn tó ṣe é tì, omi nínú kẹ́ẹ̀gì, àyè tó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Èwo ló nílò olówó níbẹ̀? Áńbúláǹsì nìkan ló kọjá agbára wa, nọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú àpótí oògùn kò sì kọjá agbára wa.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Ìgbìmọ̀ ìnáwó dá a lábàá pé kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù 14 sí ẹ̀gbẹ́ pápá tó kọjú sí títì. Mo ti ka ìwé wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò fojú kéré rẹ̀. Wọ́n ní owó ilé àwọn ṣọ́ọ̀bù náà la ó fi tún òrùlé ilé ìwòsàn ṣe, a ó sì máa fi ra oògùn. Ta ló máa sọ pé òun ò fẹ́ oògùn? Ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi náà sí. Wọ́n tún kọ ọ́ pé ewúrẹ́ nìkan ló ń jẹ èrè pápá náà láti ọdún yìí wá, ẹ̀rín pa mí, torí pé òótọ́ ni lọ́pọ̀ ọjọ́. Àgbà kan sì kọ ọ́ sórí group pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe ìdàgbàsókè. Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì mọ̀ pé bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wọn nǹkan náà.

Èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀ka ọ̀dọ́ mẹ́rin gbé tépù lọ sí pápá lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 98. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 63. Àwòrán ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú ìwé ìgbìmọ̀ jin ní mítà 12, wọ́n sì fi mítà 8 sílẹ̀ níwájú rẹ̀ fún oníbàárà àti ọ̀kadà. Ìyẹn jẹ́ 20. Ẹ yọ 20 kúrò nínú 63, ó ku 43. Òfin kìíní pàá nínú òfin bọ́ọ̀lù gbígbá sọ pé ìbú pápá àwọn àgbà kò gbọdọ̀ dín ní mítà 45. Mítà méjì péré ló kù ká tó ó, ẹ ó ní. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mítà méjì yẹn ni ìyàtọ̀ láàárín pápá àti ilẹ̀ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ìdíje tó mọ òfin tó máa gbà kí a gba àlejò síbẹ̀. Mi ò tíì ka àyè tí àwọn òǹwòran máa dúró sí. Mi ò tíì ka ògiri ṣọ́ọ̀bù tó máa wà níbi tí òkìtì búlọ́ọ̀kù wà. Búlọ́ọ̀kù yẹn ṣe é kó. Ṣọ́ọ̀bù ò ṣe é kó.

Ìgbìmọ̀ ìnáwó, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ ò wọn ti bọ́ọ̀lù mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ló yẹ kó ti mú un wá láti ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ mẹ́nu bà á, a ò ṣe é.

Aunty wa kan tó ń gbé ní Peckham ní London rí ọ̀rọ̀ yìí lórí group, wọ́n wá pè mí. Wọ́n ní kíláàbù kékeré kan wà nítòsí wọn, Dulwich Hamlet ni orúkọ rẹ̀, Champion Hill ni pápá rẹ̀. Àwọn tó ni ilẹ̀ fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀. Lọ́dún 2018, wọ́n ti kíláàbù náà síta, wọ́n ní láti máa lọ gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Tooting & Mitcham. Àwọn alátìlẹyìn wọn ò dákẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ náà dá sí i, nígbà tó di December ọdún yẹn, wọ́n padà sílé. Mo bi Aunty pé ṣé àwọn náà máa ń lọ wo bọ́ọ̀lù ni. Wọ́n ní rárá o, ọmọ àwọn ló ń lọ. Wọ́n ní ohun tó jẹ́ kí àwọn pè mí ni pé lọ́hùn-ún, ẹlòmíì ló fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó, ṣùgbọ́n níbí, àwa fúnra wa la fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ara wa. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n dá àbá kan tiwa. Lẹ́yìn gọ́ọ̀lù ní ìhà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ilé tíṣà àtijọ́ wó sí, ilẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò sí lára mítà 98 tí mo kà. Àwa wọn ìyẹn náà. Ó gba ṣọ́ọ̀bù 6, kí wọ́n kọjú sí títì kékeré, kí wọ́n kẹ̀yìn sí pápá. Mẹ́fà kì í ṣe 14, mo mọ̀. Owó tó máa wọlé ò ní tó ìdajì. Mi ò ní parọ́ fún yín pé òrùlé ilé ìwòsàn máa yá bó ṣe yẹ kó yá. Ó máa pẹ́ sí i. Ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín le, mo mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ ọ́ lórí group.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ kejì ìṣirò náà. Líìgì Nàìjíríà ní kíláàbù 20. Kíláàbù kọ̀ọ̀kan ń gba àlejò nílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlógún nínú sáà. Ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún ni àwọn èèyàn ń ti ìlú míì wọ Ìkẹ́nnẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù nìkan, ká má tíì ka ti àwọn obìnrin, Remo Stars Ladies, tí wọ́n ní kíláàbù tiwọn. Àwa 17 yìí nìkan, a ra òjòjò, a ra omi, a ra gúgúrú àti ẹ̀pà, dírẹ́bà wa jẹun yó lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan nínú wa tún ra bàtà lọ́nà, mi ò mọ ohun tó ń fi bàtà ṣe níbi bọ́ọ̀lù. Tiwa ò lè tó bẹ́ẹ̀. Tí a bá gba àlejò lẹ́ẹ̀mẹfà péré lọ́dún, ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà yẹn á rí oníbàárà tí kì í ṣe àwa náà tí a ń ra nǹkan lọ́wọ́ ara wa láti àná. Àlejò mẹ́ta nínú gbogbo wọn lè rántí pé ìlú kan wà tó ń jẹ́ orúkọ wa.

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ò wá lọ́wọ́ òfo. A ti ṣètò pé àwa fúnra wa la máa gbẹ́ ihò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì, ọ̀kan fún obìnrin, ọ̀kan fún ọkùnrin. Àwọn bíríkìlà mẹ́ta nínú wa ní àwọn ò ní gba owó iṣẹ́. Ohun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni sìmẹ́ǹtì, páànù àti ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wa ní òun á máa wá jókòó lọ́jọ́ ìdíje, kí a ṣáà ti ra àpótí oògùn fún òun. Ní ti ẹni tó máa dúró ní géètì, èmi ni. Mo ti kọ́ gbólóhùn rẹ̀ sórí: ẹ kú ìrìn o, ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún ni tiyín.

Ẹ bi mí léèrè èsì bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà? Mi ò ní sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí group lálẹ́ ọjọ́ yẹn ti mọ̀ ọ́n. Kí n kàn sọ pé nígbà tí à ń jáde, àwọn ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó jókòó nítòsí wa juwọ́ sí wa, ọ̀kan ní ká kí Ìbàdàn fún òun, àwọn méjì tó bo jẹ́sì wọn sì ti bọ́ ẹ̀wù òkè kúrò kí a tó dé bọ́ọ̀sì. A délé láìsí ẹni tó fara pa. Màmá mi wà ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n kà wá níkọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, mo sì ti fẹ́ jókòó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe alákòóso ọ̀dọ́ ìlú kejì, pé a fẹ́ kí wọ́n tún wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ ìlú ọdún yìí. Ó ní aṣọ́lé wọn ti ń gbá bọ́ọ̀lù padà, orúnkún rẹ̀ ti san. Ó ní àwọn á fẹ́ wá. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé búlọ́ọ̀kù yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

Mo lọ wò ó láàárọ̀ yìí kí n tó wá sípàdé. Ó ṣì wà níbẹ̀. Koríko ti hù láàárín rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé màá pè é padà lálẹ́ òní, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dìbò.